Áàpù tó ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ gírámà àti ìró èdè Gẹ̀ẹ́sì: etí ni kí ẹ fi rà á

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ fíìmù fún àwọn tí kì í gbọ́ràn. Ohun tí àwọn òṣèré ń sọ kọ́ ló ń dà mí láàmú. Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, tí ọwọ́ rẹ̀ sì yá lórí kọ̀ǹpútà, á kọ ìyẹn láì làágùn. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni wàhálà. Adití tó ń wo fíìmù ní láti mọ̀ bóyá kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni ọkùnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn ń sọ̀rọ̀, tàbí ńṣe ló ń kùn, tàbí ọtí ló ti mú ahọ́n rẹ̀ wúwo. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo nínú àkámọ́, kí àwòrán tó kọjá, ni mo ní láti fi sọ gbogbo rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi sanwó fún áàpù kan tó ń kọ́ni ní àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ mọ́ gírámà, ọ̀rọ̀ sísọ àti ìró èdè. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí mo fẹ́ bú u díẹ̀, irú rẹ̀ sì pọ̀ lórí fóònù. Abala mẹ́ta ló ní. Abala ọ̀rọ̀ sísọ dára gan-an ni. Abala ìró dára, àfi ibì kan tí ó ti kọsẹ̀. Abala gírámà, ẹ jẹ́ kó dúró ná.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé àwọn tó ṣe é mọ̀ pé orúkọ ohùn kò wúlò fún ẹni tí kò tíì gbọ́ ohùn náà. Ẹ wo "mumble", "mutter" àti "murmur". Ìwé atúmọ̀-èdè á ní èkíní ni kéèyàn sọ̀rọ̀ láì jẹ́ kó já gaara, á ní èkejì ni kéèyàn rọ ohùn sílẹ̀ láì jẹ́ kó já gaara, á ní ẹ̀kẹta ni kéèyàn sọ̀rọ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́. Ẹ kà á tán, ẹ ò tíì mọ èyí tí ẹ máa mú. Áàpù yìí fi ẹnì kan náà ka gbólóhùn kan náà lọ́nà mẹ́ta. Ní "mumble", ẹnu kò là dáadáa, ọ̀rọ̀ ń kó sínú ara wọn, bí ọmọ tí wọ́n fipá mú pé kó tọrọ àforíjì. Ní "mutter", inú ń bí òǹsọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ń gba àárín eyín jáde, kò sì fẹ́ kí ẹni tó ń bú gbọ́. Ní "murmur", ohùn rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ó lè jẹ́ àdúrà. Bí ọmọbìnrin kan bá jókòó ti bàbá rẹ̀ tó ń kú lọ nínú fíìmù, tí ẹ wá kọ "mutters" sábẹ́ rẹ̀, ẹ ti sọ ọmọlúàbí di ọ̀dájú lójú ẹni tí kò gbọ́ ohùn rẹ̀.

Gbogbo káàdì, ìyẹn ojú ewé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, inú abala náà ló rí bẹ́ẹ̀. "Drawl" wà níbẹ̀, níbi tí òǹsọ̀rọ̀ ti ń fa fáwẹ̀lì gùn bíi pé kò sóhun tó ń lé e. "Lisp" náà wà, níbi tí ahọ́n ti ń yọ sáàárín eyín tí ìró "s" á fi jáde bí "th" tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ "thin". Wọ́n fi "hoarse" sí ẹ̀gbẹ́ "husky" kí ẹ lè gbọ́ pé ohùn tó há nítorí àìsàn tàbí ariwo kọ́ ni ohùn tó rinlẹ̀ tó sì ń fa ni mọ́ra. Mo fẹ́ràn káàdì "slur" ju gbogbo wọn lọ, nítorí pé ohùn méjì ni wọ́n gbà sí i. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹni tó mutí yó. Èkejì jẹ́ ti ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù, tí ìró ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń yọ̀ mọ́ ara wọn nítorí pé iṣan ẹnu kò gbọ́ràn mọ́. Àwọn dókítà ka irú ọ̀rọ̀ yẹn sí ọ̀kan lára àmì tó yẹ kéèyàn fi sáré gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe méjèèjì, káàdì náà sì kìlọ̀ pé kí ẹ má kàn gbà pé ọtí ni. Ìkìlọ̀ tó wúlò nìyẹn, kì í ṣe fún oníṣẹ́ fíìmù nìkan.

Káàdì "whisper" sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́nà ọ̀fun: tán-án-ná, ìyẹn iṣan inú ọ̀fun tó máa ń gbọ̀n bí a bá ń sọ̀rọ̀ jáde, kì í gbọ̀n rárá, èémí nìkan ló ń kọjá. Wọ́n ní kí ẹ fi ìka lé ọ̀fun, kí ẹ sọ gbólóhùn kan jáde, kí ẹ sì tún un sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹ ṣe é, ẹ máa rí i pé ìgbọ̀nrìrì yẹn á dáwọ́ dúró lójijì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni "stage whisper", ìyẹn ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ti òṣèré, tí ó ń díbọ́n pé ẹnì kan ṣoṣo ni òun ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tí ó fẹ́ kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Bákan náà ni "inaudible" àti "indistinct", tí àwọn oníṣẹ́ bíi tèmi máa ń pa pọ̀. Ohun tí etí kò gbọ́ rárá ni ti àkọ́kọ́. Èkejì ni ohun tí etí gbọ́ ṣùgbọ́n tí kò lè dá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mọ̀, bí ariwo èrò nínú yàrá ńlá.

Ibi tí mo ti fẹ́ bá wọn wí nínú abala yìí ni "stammer". Wọ́n sọ ọ́ dáadáa pé ohun kan náà ni "stammer" àti "stutter" ń sọ, pé èkíní wọ́pọ̀ ní Bìrìtìkó, èkejì sì wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀! Òṣèré kan ń tún ìró àkọ́kọ́ sọ, "b-b-b", ó tán. Ẹni tó bá ti gbé pẹ̀lú akólòlò mọ̀ pé kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, ìró kan á fà gùùrù, "sssss", kò ní kúrò lẹ́nu. Nígbà mìíràn, kò ní sí ohùn kankan rárá: ẹnu ti ṣe tán, ọ̀rọ̀ ti dé ètè, ó sì há síbẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ní orúkọ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, "repetition", "prolongation" àti "block". Áàpù tó ń kọ́ni ní irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò yẹ kó gbàgbé méjì nínú wọn. Akólòlò gan-an ló sì yẹ kí wọ́n gba ohùn rẹ̀, bó bá gbà, kì í ṣe òṣèré tó ń sín in jẹ.

Ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí abala ìró.

Bí ẹ bá ti ń fi lẹ́tà ka Gẹ̀ẹ́sì láti ọjọ́ yìí wá, abala yìí ló máa là yín lójú. Lẹ́tà 26 ni Gẹ̀ẹ́sì ní, ṣùgbọ́n ìró tí àwọn onímọ̀ máa ń kà nínú Gẹ̀ẹ́sì gúúsù Íńgílándì tó 44: kọ́ńsónáǹtì 24 àti fáwẹ̀lì 20. Lẹ́tà kò tó, ìdí sì nìyẹn tí "ough" fi ń dún lọ́tọ̀ nínú "though", "through", "cough", "rough" àti "bough". Orí gbogbo káàdì ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí ní lẹ́tà IPA (International Phonetic Alphabet), àwọn lẹ́tà tí ìró kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ni í bẹ̀rẹ̀ ní Paris ní 1886, lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ èdè tí Paul Passy ṣe aṣáájú wọn. Nígbà tó di 1888, wọ́n ti tẹ lẹ́tà náà jáde. Iṣẹ́ kíláàsì ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan. Mo sọ èyí nítorí àwọn tó máa ń rí i tí wọ́n á sá bí ẹni rí ejò.

Káàdì "voiced" àti "voiceless" ló yẹ kí àwa tí Yorùbá jẹ́ èdè wa kọ́kọ́ ṣí. Èdè wa ní "b", "d" àti "g", nítorí náà ìró àkùnyùn ("voiced"), èyí tí ọ̀fun ń gbọ̀n bí a bá ń pè é, kì í ṣe àjèjì sí wa, ṣùgbọ́n kò ní "z", kò sì ní "v". Ìdí nìyẹn tí "zoo" fi máa ń dún bí "Sue" lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa, tí "van" sì ń di "fan". Wọ́n to irú méjì-méjì yìí sábẹ́ "minimal pair": ọ̀rọ̀ méjì tí ìró kan ṣoṣo yà sọ́tọ̀. Ẹ tẹ èyí, ẹ tẹ tọ̀hún, ẹ fọwọ́ lé ọ̀fun. Ní "s" kò sí ohun tó ń gbọ̀n. Ní "z" ọ̀fun ń kùn bí oyin. Wọ́n tún fi "thigh" àti "thy" hàn, nítorí pé "th" Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ẹyọ kan, àkùnyùn wà níbẹ̀, àìkùnyùn náà wà. "Thy" ti di ọ̀rọ̀ àtijọ́ o, ṣùgbọ́n irú bàtà-méjì bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì, ẹ bá mi dárí jì wọ́n.

"Aspirated" náà wà. Ẹ mú bébà fẹ́lẹ́ síwájú ẹnu, ẹ pe "pin", bébà á fò. Ẹ pe "spin", á dúró jẹ́. Lẹ́tà kan náà, èémí ọ̀tọ̀. Mo ti rí olùkọ́ tó fi ojoojúmọ́ ayé rẹ̀ ṣàlàyé èyí láì mú bébà kankan dání.

Káàdì "schwa" ni mo ń tún tẹ̀ jù. Òun ni fáwẹ̀lì tó wọ́pọ̀ jù nínú Gẹ̀ẹ́sì, kò sì ní lẹ́tà tirẹ̀ nínú álífábẹ́ẹ̀tì: òun ló bẹ̀rẹ̀ "about", òun ló parí "sofa", òun náà ló parí "teacher" lẹ́nu ará Lọ́ńdọ̀nù. Èdè Jámánì ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá orúkọ rẹ̀, Jámánì sì yá a láti inú Hébérù. Fáwẹ̀lì ọ̀lẹ ni: ahọ́n kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀, ètè kò ká. Yorùbá kì í fojú tẹ́ńbẹ́lú fáwẹ̀lì báyẹn. A máa ń pe gbogbo fáwẹ̀lì wa pé, a sì ń gbé ìwà náà lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn tó ni ín á fi máa rò pé a ń fi ọ̀rọ̀ lé wọn lọ́wọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí abala yìí ti kọsẹ̀ ni káàdì "stress", ìyẹn bí a ṣe ń tẹ sílébù kan mọ́lẹ̀ ju àwọn yòókù lọ nínú ọ̀rọ̀. Wọ́n ní sílébù tó ní "stress" ni èyí tí a pariwo jù. Ariwo wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Sílébù náà máa ń gùn ju àwọn tó kù lọ, ohùn sábà máa ń yí padà lórí rẹ̀, fáwẹ̀lì rẹ̀ á sì pé, nígbà tí ti àwọn aládùúgbò rẹ̀ sábà máa ń di "schwa". Etí Yorùbá ti mọ èyí tipẹ́. Nígbà tí a yá "button", a gbé ohùn òkè lé ibẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀, a pè é ní bọ́tìnnì. Nígbà tí a yá "computer", a gbé e lé àárín, kọ̀ǹpútà. Kò sẹ́ni tó fi ariwo kọ́ wa. Ẹni tó bá gba káàdì yẹn gbọ́, tó wá ń pariwo sílébù láì fà á gùn, á máa dún bíi pé ó ń jà.

Níbi bọ́tìnnì gan-an ni kí n ti dúró díẹ̀. Èyí tí ẹ máa tẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ ohùn, wọ́n kọ "Pronounciation" sára rẹ̀. Áàpù tó ń ta orúkọ ìró! Kò sí "o" níwájú "u" yẹn: "pronounce" ni ọ̀rọ̀-ìṣe, "pronunciation" ni ọ̀rọ̀-orúkọ, fáwẹ̀lì wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì náà lórí káàdì ọ̀rọ̀ yẹn fúnra rẹ̀, ohùn obìnrin tó gbà á sílẹ̀ pè é dáadáa. Ó hàn pé kò rí bọ́tìnnì náà.

Ó wá ku gírámà. Bí ẹni pé ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é. Kò sí ohùn kankan níbẹ̀, àlàyé ṣókí-ṣókí ni, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí wọ́n kó láti inú ìwé ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́. Wọ́n ní "noun" ni orúkọ ènìyàn, ibi tàbí nǹkan. Kí ni "arrival", nígbà náà? Kí ni "destruction"? Ìṣẹ̀lẹ̀ ni méjèèjì. Ibi tí ọ̀rọ̀ jókòó sí nínú gbólóhùn àti ohun tó ń bá a rìn la fi ń mọ ọ̀rọ̀-orúkọ: ó lè tẹ̀ lé "the", ó lè ṣe olùwà, ó lè ṣe àbọ̀. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ní "tense" mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè òde òní á ní méjì péré ló hàn lára ọ̀rọ̀-ìṣe, "walk" àti "walked". "Will" tó ń tọ́ka sí ọjọ́ iwájú, ẹgbẹ́ "can" àti "must" ni. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí ìyẹn, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé àríyànjiyàn wà.

Èyí tó bí mi nínú jù ni káàdì "preposition", tó pàṣẹ pé ẹ kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀-atọ́kùn parí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ní 1672, akéwì John Dryden ti ń dá Ben Jonson, òǹkọ̀wé eré tó ti kú, lẹ́jọ́ nítorí rẹ̀. Nígbà tí Robert Lowth tẹ ìwé gírámà rẹ̀ jáde ní 1762, ó gbà pé bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, ó kàn ní ọ̀nà kejì, ìyẹn kí ọ̀rọ̀-atọ́kùn ṣáájú, lẹ́wà jù nínú ìwé pàtàkì. Ìmọ̀ràn lórí ẹwà ni, àwọn tó dé lẹ́yìn ló sọ ọ́ di òfin. "Who are you talking to?" ni gbogbo òṣèré ń sọ nínú gbogbo fíìmù tí mo ti ṣiṣẹ́ lé lórí. Kò sí ìkankan nínú wọn tí ọlọ́pàá gírámà wá mú.

Káàdì kan ṣoṣo ló dáa níbẹ̀, ó sì dáa gan-an: "round". Wọ́n fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí lè jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ nínú "the first round", ọ̀rọ̀-àpèjúwe nínú "a round table", ọ̀rọ̀-ìṣe nínú "round the figure up", ọ̀rọ̀-atọ́kùn nínú "round the corner", àti ọ̀rọ̀-àpọ́nlé nínú "turn round". Ká ní gbogbo abala náà rí báyìí ni, mi ò bá máa fi ọwọ́ méjèèjì yìn wọ́n.

Ohun tó dùn mí ni pé gírámà Gẹ̀ẹ́sì kún fún ohùn, ohùn sì ni iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. "Record" tí a tẹ̀ níwájú, ọ̀rọ̀-orúkọ ni. Èyí tí a tẹ̀ lẹ́yìn, ọ̀rọ̀-ìṣe ni. "Articulate" tó jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe parí bí "late". Èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀-àpèjúwe ń parí pẹ̀lú fáwẹ̀lì ọ̀lẹ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pe "English teacher" kí ẹ tẹ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, olùkọ́ tó ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹ tẹ èkejì, olùkọ́ tó jẹ́ ọmọ Íńgílándì ni. Àní "-ed" tó ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ohun àná, ọ̀nà mẹ́ta ló ń gbà dún: "t" nínú "walked", "d" nínú "played", sílébù odindi nínú "wanted". Wọ́n ní gbogbo ohun èlò tí wọ́n lè fi kọ́ni ní ìwọ̀nyí, wọ́n wá lọ kọ àlàyé ìlà méjì.

Ìdánwò inú rẹ̀ náà yà mí lẹ́nu. Lẹ́yìn tí ẹ ti fi etí kọ́ "mumble" àti "mutter", ìbéèrè tí wọ́n máa bi yín á wá ní kíkọ, láìsí ohùn. Mo ti pa á. Áàpù náà ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn dára. Gẹ̀ẹ́sì gúúsù Íńgílándì àti ti Amẹ́ríkà nìkan ló wà nínú ohùn wọn. Káàdì "rhotic", tó ń sọ nípa àwọn tí wọ́n ń pe "r" ìparí "car" jáde, kò sì rántí Ìwọ̀-Oòrùn Íńgílándì, Scotland tàbí Ireland, níbi tí "r" náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Tó bá jẹ́ gírámà nìkan lẹ ń wá, ẹ má sanwó. Tó bá jẹ́ àtẹ ìró lẹ fẹ́, ẹgbẹ́ IPA fi tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ojú rí ohùn ara yín lórí kọ̀ǹpútà, Praat wà, tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní Yunifásítì Amsterdam. Ọ̀fẹ́ lòun náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ kò fani mọ́ra. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti etí, bí òṣèré, ògbufọ̀, ẹni tó ń ka ìròyìn tàbí ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ fíìmù, kó rà á nítorí abala ọ̀rọ̀ sísọ.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ti kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ wọn. Àpótí ìwárí wọn ń fẹ́ kí ẹ ti mọ ọ̀rọ̀ kí ẹ tó rí i. Èmi, ohùn ni mo máa ń kọ́kọ́ ní, ọ̀rọ̀ ni mò ń wá. Mo fẹ́ kí n lè tẹ "jẹ́jẹ́, inú ń bí i, ẹnu kò là" ní Gẹ̀ẹ́sì, kó sì kó káàdì tó bá a mu jáde fún mi. Wọ́n dáhùn pé àwọn ń rò ó. Títí dìgbà náà, mo ń ṣí abala ọ̀rọ̀ sísọ, mo sì ń tẹ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.